Ebòlò Tí Àbúrò Mi Kò Jẹ

Nígbà tí mo kéré, tí mi ò tíì mọ̀ ju agboolé wa ní Ìrẹmọ lọ, mo pa irọ́ kan tó ṣì wà lọ́rùn mi títí dòní. Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fa ojú ro sí oúnjẹ, kí n sọ ọ́ fún yín.

Bàbá wa ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí òkè Ọya, ìyá wa sì lọ kàwé olùkọ́ ní ìlú mìíràn. Ìyá bàbá wa ni wọ́n fi èmi àti àbúrò mi ọkùnrin sí lọ́wọ́. Àbúrò mi yìí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó. Dókítà ní ẹ̀fọ́ ni kó máa jẹ dáadáa, ọmọ náà sì rèé, ó kórìíra ẹ̀fọ́ dójú ikú. Burẹ́dì ló mọ̀.

Háà, ìyá àgbà sapá! Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti hu ebòlò, wọ́n á já a bọ̀ láti oko. Wọ́n á bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná kí òórùn rẹ̀ lè kúrò, wọ́n á fi irú àti ìgbín sè é. Àbúrò mi ò ní fẹnu kàn án, kò tilẹ̀ fẹ́ ìgbín tí ewé bá ti kàn. Wọ́n gún gbúre mọ́ ẹ̀wà, wọ́n fi dín àkàrà. Ó ya á wò, ó ní, "Ewé ti wọ inú àkàrà mi!" ó bá bú sẹ́kún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á fọ ewúro títí ọwọ́ wọn á fi bó. Wọ́n á máa rọ̀ ọ́ pé, "Ọkọ mi, tọ́ ọ wò, nítorí tèmi."

Bí wọ́n bá ń lọ sóko láàárọ̀, èmi ni wọ́n ń gbé àwo fún pé kí n fún un jẹ títí á fi tán. Sùúrù mi ò tó, eré ló wà lọ́kàn mi. Òkèlè méjì, ọmọ á di ẹnu pa. Ni mo bá ń da ẹ̀fọ́ fún ewúrẹ́ ilé kejì. Ìgbín inú rẹ̀, èmi ni mo ń jẹ ẹ́. Lálẹ́, màá gbé àwo òfìfo jáde: "Ó jẹ ẹ́ tán, màmá." Inú wọn á dùn! Wọ́n ròyìn fún gbogbo agboolé pé àwọn ti mọ ọgbọ́n tí àwọn fi mú un, ìgbín ni. Àwọn fúnra wọn ò jẹ ìgbín mọ́, kó lè tó ọmọ.

Ojú àbúrò mi ń funfun sí i. Lọ́jọ́ kan ó ṣubú lulẹ̀ nílé ìwé. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Epo ọkọ̀ wọ́n lásìkò náà, ọjọ́ kẹta ni ìyá wa tó dé. Dókítà sọ fún wọn pé ọmọ náà ò jẹun gidi. Màámi kọjú sí ìyá ọkọ wọn lójú gbogbo èèyàn: "Ẹ̀yin àgbà, ẹ wá ń jẹ oúnjẹ ọmọ kékeré!"

Ìyá àgbà ní, "Ìyàwó mi, ó ń jẹ ẹ́. Bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo wo ilẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀.

Ẹnu mi yìí ló sọ bẹ́ẹ̀, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Màámi kó wa kúrò nílé yẹn. Kò pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ìyá àgbà papòdà. Màámi ò sunkún níbi ìsìnkú.

Ayé ti yí o. Ilé ti bo ibi tí ebòlò ti ń hù, bisikíìtì làwọn ọmọ ń jẹ ṣáá, kò sì sẹ́ni tó ráyè bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò lé e bá. Tèmi lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ni mo fẹsẹ̀ ara mi lọ jẹ́wọ́ fún màámi lọ́dún tó kọjá. Wọ́n wá ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá àgbà ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó kú, pé kí n jẹ́ kí àwọn fojú kan ọmọ. Mi ò gbà."