Ebè Mẹ́ta Tí A Kò Kà

Àwọn ọmọ wa ní kí n kọ nǹkan sílẹ̀ nípa ìyá wọn kí n tó gbàgbé. Mi ò tíì gbàgbé nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ti lé ní ọdún kan tí ó ti kú. Olùkọ́ àgbà ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, ẹni tí ń fi ojú lásán mú kíláàsì dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti kọjá tipẹ́ kí a tó bí wọn. Òmìnira kò tíì pẹ́ nígbà náà, èmi àti òun sì jọ ń jókòó lórí àga kan náà ní ilé ìwé kékeré kan lábẹ́ òkè ní Dáṣà, ní ilẹ̀ Dahomé.

Àga ẹni méjì ni. Ihò kan wà láàárín tábìlì rẹ̀ tí ìgò tàdáwà ń wọ̀, inú ìgò kan ṣoṣo yẹn ni àwa méjèèjì ń ti gègé wa bọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Ó fi oṣù mẹ́ta jù mí lọ, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀ títí ó fi kú.

Ní ọjọ́ Àìkú, bí a ṣe ń jáde ní Mísà, baba rẹ̀ dá olùkọ́ wa dúró lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní tí ó bá di Àbámẹ́ta, ọmọbìnrin òun yóò kó ìwé rẹ̀ wálé, ó parí. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ní àkọ́bí òun kàwé títí dé Àbọ̀mẹ̀, nígbà tó wálé fún ìsinmi, etí oko ló dúró sí, ó ń gbọn eruku kúrò lára bàtà, kò sì dá irú iṣu tí wọ́n fi tọ́ ọ mọ̀ mọ́ láàárín iṣu mìíràn.

Ó ní, “Ilé ìwé ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Kò ní gba èkejì.”

Olùkọ́ bẹ̀ ẹ́. Ó ní orí ọmọ náà pé, àti pé ọdún kan péré ló kù kí ó ṣe ìdánwò ìwé ẹ̀rí. Baba ní òun ti gbọ́, ó kí i pé ó dàbọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ náà tẹ̀ lé e. Kò wo ẹ̀yìn.

Mo rò pé kò ní wá ní ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n kí agogo tó dún ló ti dé. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ńṣe ló ń béèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń di ẹrù ìrìn àjò. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun a ka ẹ̀kọ́ kan nípa yìnyín tó ń bo oko mọ́lẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Ó na ọwọ́ sókè, ó béèrè bóyá iṣu tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń jẹrà. Olùkọ́ ní wọn kì í gbin iṣu níbẹ̀. Ó tún na ọwọ́, ó ní kí ni wọ́n wá ń jẹ? Ní Ọjọ́rú a fi ìka tọ ipa odò Wẹ̀mẹ̀ lórí àwòrán ilẹ̀ Dahomé. Ó dúró síwájú àwòrán náà títí olùkọ́ fi ní kí ó lọ jókòó.

Ìwé kan wà ní kíláàsì wa tí à ń pè ní ìwé ayípo. Ọmọ kan ni ń kọ ọ́ lójúmọ́, bí orúkọ wa ṣe tò. Gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà, inú rẹ̀ ni onítọ̀hún yóò kọ ọ́ sí. Kò gbọdọ̀ pa nǹkan rẹ́, kò gbọdọ̀ ya ewé kan. Ohun tó bá tọ́ àti ohun tó bá wọ́, gbogbo rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú tàdáwà pupa olùkọ́. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ọmọ náà yóò gbé e lọ sílé kí baba rẹ̀ fọwọ́ sí i. Àwọn baba wa tí kò mọ̀wé a máa fa àgbélébùú kékeré kan sí ìsàlẹ̀ ewé. Ọjọ́ Ẹtì ni ìwé náà yóò kan aládùúgbò àga mi.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ ìsinmi wa, a sì máa ń lọ sí ilé ìwé ní Àbámẹ́ta. Ìyá mi rán mi lọ sí oko baba ọmọbìnrin náà láti gba èbù iṣu. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ilẹ̀ ṣì rọ̀, wọ́n ń kọ ebè. Igba igba ni àgbẹ̀ ibẹ̀ ń ka ebè. Mo rí i pé tí baba bá ti kọ igba pé, ọmọbìnrin rẹ̀ yóò mú igi tí wọ́n ti bó, yóò gún un sórí ebè kan nínú wọn. Mo bi ọmọbìnrin náà léèrè ohun tí ó jẹ́. Ó ní ti èrò ni. Èrò tí ebi bá mú lójú ọ̀nà lè wa iṣu ebè yẹn, ẹnikẹ́ni kò ní pè é lólè. Ní ìdílé wọn, wọn kì í ka ebè yẹn mọ́ tiwọn, nítorí pé wọ́n ti fi tọrẹ kí wọ́n tó gbin ín.

Ní ọjọ́ Ẹtì, olùkọ́ kọ ìṣirò kan sára pátákó ní èdè Faransé. Àgbẹ̀ kan kọ ebè ní ìlà méjìlá. Àádọ́ta ebè ló wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, iṣu kan ló sì wà lábẹ́ ebè kọ̀ọ̀kan. Iṣu mélòó ni yóò gbé relé? Mo ṣe é, mo rí ẹgbẹ̀ta. Mo yọjú sí ìwé ayípo tó wà níwájú aládùúgbò mi. Òun náà ti rí ẹgbẹ̀ta, ṣùgbọ́n ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó yọ mẹ́ta kúrò, ó wá kọ ìdáhùn tirẹ̀: 597.

Mo fi ìgúnpá gún un. Mo ní, “Kí lo yọ mẹ́ta fún?”

“Ti èrò ni.”

“Èrò wo? Kò sí èrò nínú ìṣirò.”

“Ó wà lójú ọ̀nà.”

Ará Kétu ni olùkọ́ wa. Ó gbọ́ èdè wa dáadáa, ṣùgbọ́n ìwé àwọn ọmọ tó lé ní ogójì ló wà níwájú rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, kò ráyè béèrè ìdí. Ó fa ìlà pupa, ó kọ òdo. Nígbà tó ka ìdáhùn náà sókè, ẹnì kan lẹ́yìn ní àgbẹ̀ náà ti sun mẹ́ta jẹ kó tó délé. Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí bí mo ṣe ń rín in. Òun kò sunkún. Ó dúró kí pupa náà gbẹ, ó pa ìwé dé, ó fi sínú àpò rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Baba tó fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ kúrò níléèwé, òdo pupa ni wọn yóò tún lọ fi hàn án.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wọn ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ló sọ ọ́ fún mi. Baba rẹ̀ bi í pé kí ni pupa yẹn. Ó ka ìṣirò náà fún un ní èdè wa, ó sì sọ ìdí tí òun fi yọ mẹ́ta. Baba ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Baba kò fa àgbélébùú kankan. Ó fi ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ó sùn.

Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, a ń kọ àkọ́túnkọ lọ́wọ́ nígbà tí baba náà wọlé. Ó ti wọ aṣọ oko. Ìwé ayípo wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo wa dìde.

Ó ní, “Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Kí ni pupa yìí ń ṣe níbí?”

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ọmọ náà ṣì í ni. Ẹgbẹ̀ta ni ìdáhùn.”

“Ẹgbẹ̀ta ni àgbẹ̀ yẹn kọ. Mélòó ló gbé relé?”

“Ẹgbẹ̀ta náà ni, Bàbá.”

“Kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún èrò?”

“Ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ẹni tó kọ ìwé náà, ṣé ó ní oko?”

Olùkọ́ ní òun kò mọ̀.

“Bí ó bá ní, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ebi mú mi lẹ́bàá rẹ̀.”

A kò mọ bóyá kí a rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ fi ẹfun ìkọ̀wé sílẹ̀. Ó pe ọmọ náà síwájú, ó ní kí ó ṣàlàyé fún wa, kí ó sọ ọ́ ní èdè ilé. Èèwọ̀ ni èdè ilé ní kíláàsì wa. Èmi gan-an ti kúnlẹ̀ nítorí rẹ̀ nínú oṣù yẹn. Ó wo ojú olùkọ́ bóyá òtítọ́ ni. Lẹ́yìn náà ó mú ẹfun, ó ya ebè mẹ́ta sára pátákó, ó fi igi gún orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ ọ̀rọ̀ èrò, igba kan lẹ́yìn òmíràn, títí ó fi dé ẹgbẹ̀ta.

Olùkọ́ gba ìwé ayípo. A kì í pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀, òun náà kò sì pa òdo náà rẹ́. Ó fi pupa kọ ìlà kan sábẹ́ rẹ̀. Baba ní kí ọmọ òun kà á. Ó kà á ní èdè Faransé, ó wá túmọ̀ rẹ̀: “Ìdáhùn yìí tọ̀nà. Èmi ni mi ò béèrè ọ̀rọ̀ náà tán.”

Baba dúró, ó ń wo ebè mẹ́ta tó wà lára pátákó. Ó wá ní:

“Èyí lọ sí ilé ìwé, kò sì gbàgbé ti èrò.”

Olùkọ́ ní, “Kò gbàgbé, Bàbá.”

Baba gba gègé, ó fa àgbélébùú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ewé, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ bóyá ó ti gbẹ. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà.

“Ní ọjọ́ Ajé, yóò pẹ́ díẹ̀. Ìlà kan ṣì kù tí a fẹ́ kọ láàárọ̀.”

Olùkọ́ ní kò burú. Ó kọjú sí pátákó, kò sì tètè kọ ohunkóhun.

Ní ọjọ́ Ajé, a ti ṣe ìṣirò orí tán, a ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà, kó tó dé. Ẹgba ni ti ẹni tó bá pẹ́, olúkúlùkù wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹrẹ̀ oko dé orúnkún rẹ̀, àpò ìwé rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Olùkọ́ kọ̀wé lọ sára pátákó, kò wẹ̀yìn, títí ọmọ náà fi gba àárín àga kọjá dé ọ̀dọ̀ mi. Mo sún, ó sì jókòó.