Adìyẹ Tó Sàba Sínú Ààrò Wa

Adìyẹ ló kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún Màmá Hẹ́lẹ́nì. Àwa èèyàn ò lè sọ ọ́.

Wẹ́dà ni mí, ní Challenge. Mi ò kàwé jìnnà kí bàbá mi tó mú mi lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Múrí. Géètì là ń ṣe, ojú fèrèsé, ìdúró táńkì omi. Mo ti gba fúrídọ́ọ̀mù, mo ṣì ń bá ọ̀gá ṣiṣẹ́, lọ́jọ́ tí takisí Míkírà kan já obìnrin òyìnbó kan sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Wọ́n ga débi pé wọ́n ní láti bẹ̀rẹ̀ kí páànù òrùlé wa má baà ha wọ́n lórí.

Màmá Hẹ́lẹ́nì nìyẹn, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Họ́láńdì. Nígbà tí ọkọ wọn kú, wọ́n ta ilé wọn, wọ́n sì kó wá síbí láti bá àwọn ará oko tí ìṣẹ́ ń bá fínra wá ọ̀nà àbáyọ. Yàrá méjì ni wọ́n gbà ní Bódìjà. Wọn ò ra mọ́tò. Wọ́n ti kọ́ Yorùbá, àmọ́ Yorùbá wọn a máa rìn bí ẹni tí bàtà há lẹ́sẹ̀.

Abúlé kan wà tó kọjá Ìdí-Ayunrẹ́, tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń yan gàrí tà. Èéfín ń ba ojú wọn jẹ́. Ti Ìyá Àsàbí tó jẹ́ olórí wọn ló le jù. Dókítà kan ní Jericho ti sọ fún wọn pé bí wọn ò bá kúrò nínú èéfín, ojú yẹn á lọ. Ìdí nìyí tí Màmá fi fẹ́ ká ṣe ààrò onírin, tí ọ̀pá rẹ̀ á máa gbé èéfín gba òkè òrùlé jáde.

"Gíga wo?" ni Ọ̀gá Múrí béèrè.

Màmá dìde dúró. "Dé ìbàdí mi. Obìnrin yóò dúró, ẹ̀yìn kò ní dùn ún."

Èmi ni mo na téèpù. Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n ni mo rántí ìyá àgbà mi tó fi gàrí yíyan tọ́ mi. Mi ò rí wọn kí wọ́n dúró yan gàrí rí. Orí àpótí ni wọ́n máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, wọ́n á na ẹsẹ̀ kan, torí iṣẹ́ àárọ̀ dalẹ́ ni, ta ló fẹ́ dúró tì í? Mo la ẹnu, mo tún pa á dé. Nígbà tí Màmá lọ tán ni mo sọ fún ọ̀gá.

"Ṣé ìyá àgbà ẹ ló gbé iṣẹ́ wá ni?" wọ́n dáhùn. "Àlejò wá ṣe wá lóore, o fẹ́ máa bá wọn jiyàn. Gé irin, jàre."

Mo gé irin.

Ọjọ́ tá a gbé àwọn ààrò náà débẹ̀, àwọn obìnrin yẹn jó. Ìyá Àsàbí kúnlẹ̀ pẹ̀lú ojú tó ń ṣomi. "Màmá, ẹ ò ní ṣìnà láé." Gbogbo wọn ṣe àmín. Èmi náà ṣe é.

Ó pẹ́ díẹ̀, Màmá ní ká lọ kí wọn láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé la ti kọ́kọ́ rí ààrò kan tó tutù rini. Màmá bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀. Adìyẹ tó ń sàba níbẹ̀ fi ẹnu sọ wọ́n lọ́wọ́! Lábẹ́ àtíbàbà, Ìyá Àsàbí jókòó sídìí ààrò alámọ̀ àtijọ́, wọ́n ń fi etí ìró nu ojú nínú èéfín.

Ìyá Àsàbí ló wá sọ̀rọ̀. "À ń tọ́jú ẹ̀ ni o, Màmá. Kó má baà tètè dọ̀tí."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yíjú sí mi. "Sùnkànmí, ìwọ mọ̀?"

"Mo mọ̀, Màmá. Láti ìgbà tí mo ti na téèpù."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Àgbà ni yín, àlejò sì ni yín. Oore lẹ mú wá."

Mo rò pé wọ́n á kó ààrò wọn lọ síbòmíì, kí ojú Ìyá Àsàbí sì fọ́ nítorí ọ̀rọ̀ kan tí mo gbé mì. Àmọ́ Màmá ní, "Ẹ fún mi ní àpótí."

Wọ́n jókòó, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Wọ́n gba akúfọ́ igbá lọ́wọ́ Ìyá Àsàbí, wọ́n ń ro gàrí. Kò pẹ́ tó fi ń jó.

"Yéè! Màmá, ẹ rọra!" Ìyá Àsàbí pariwo. "Gàrí Họ́láńdì rèé o, ta ló máa rà á?"

Ẹ̀rín sọ. Màmá pàápàá rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú wọn nínú èéfín. Wọ́n ní, "Ní ìlú mi, ẹni tó fẹ́ràn rẹ yóò sọ pé ọbẹ̀ rẹ kò dùn. Níbí, adìyẹ nìkan ló fẹ́ràn mi."

Ìyá Àsàbí wò wọ́n títí. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ n fẹ́ràn yín díẹ̀. Ó ga jù. Ẹnu iná ẹ̀ kọjú sí atẹ́gùn. Ọ̀pá yẹn nìkan ló dáa." Làwọn yòókù bá dá sí i, tí a ò gbọ́ ti ẹnì kan mọ́.

Ọjọ́ yẹn, Ìyá Àsàbí ni mo wọ̀n, lórí ìjókòó. A kó àwọn ààrò náà padà sí Challenge, àyàfi ti adìyẹ. Màmá ní ká fi í sílẹ̀ títí yóò fi pamọ. Ọ̀gá Múrí fúnra wọn ni wọ́n gé ẹsẹ̀ ààrò àkọ́kọ́.

Ojú Ìyá Àsàbí ò padà di ti ọmọge, ṣùgbọ́n kò fọ́. Wọn ò fi etí ìró nu ojú nídìí agbada mọ́. A ṣe irú ààrò yẹn fún abúlé mélòó kan sí i, a ò sì gé irin kankan kí ẹni tó máa lò ó tó jókòó. Màmá ò fi ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì yẹn gún mi lára rí. Títí dòní ni mò ń dúpẹ́ ìyẹn.

Ara Màmá ti ń di ara àgbà, wọ́n ti padà sí Họ́láńdì. Àpótí tí àwọn obìnrin abúlé fi ta wọ́n lọ́rẹ ò wọ inú báàgì wọn, ló bá di tèmi. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo dá dúró sí báyìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bọ̀dá kan wá láti Ring Road. Wọ́n fẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀dì onírin fún ìyá wọn tí orúnkún ń dùn.

"Gíga wo, ẹ̀gbọ́n?"

Wọ́n na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́. "Ibí yìí ti tó."

Mo fi téèpù kọ́ padà sára ìṣó. "Ẹ lọ mú màmá yín wá," mo ní. "Àpótí wà nílẹ̀."