Ìkéde Omi Kí Ọmọ Tó Jẹ́ Orúkọ

Àdúgbò wa ní Oǹdó ní omi tiwa. Àwa onílé la gbẹ́ kànga ẹ̀rọ náà, a gbé táǹkì sókè, a sì ṣe ẹnu ẹ̀rọ mẹ́rin sí etí ọ̀nà. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, wọ́n fi mí ṣe alága ìgbìmọ̀ omi náà. Ẹ fara balẹ̀, n ó sọ fún yín bí mo ṣe kọ́ ìkéde kíkọ lọ́jọ́ ogbó.

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn òjò ńlá kan, mo gbé omi wa lọ sí Àkúrẹ́ fún àyẹ̀wò. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń yẹ omi wò ní Alágbàká, ọmọ Ìkàrẹ́, ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan: kòkòrò àrùn ti wọ inú omi wa. Kí gbogbo ilé máa sè é kí wọ́n tó mu ún, títí a ó fi fọ táǹkì. Ó fi líǹkì kan ránṣẹ́ sórí Wasáàpù mi, ojú-ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó máa ń bá àwọn olómi kéékèèké bíi tiwa kọ ìkéde. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti kọ lẹ́tà ìjọba títí irun mi fi funfun, kí ni ẹ̀rọ fẹ́ kọ́ mi?

Mo mú bébà, mo kọ ọ́ kún. Mo kí àwọn ìjòyè, mo kí àwọn onílé, mo kí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún òjò. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti ní kí wọ́n se omi. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ táǹkì. Èrò yí i ká, wọ́n ń kà á, inú mi dùn.

Lọ́sàn-án, ìyá àgbà tó wà ní ilé kejì sí tiwa ru bọ́kẹ́ẹ̀tì kọjá níwájú ilé mi. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ti bímọ. Ọjọ́ kejì ni ìsọmọlórúkọ.

"Alága, ẹ kú iṣẹ́ ìwé," ó ní. "Ẹ kí ìjọ wa dáadáa. Àmọ́ ẹ fi mọ́ṣáláṣí ṣáájú wa."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Omi kí lẹ rù yẹn?"

"Omi tí a ó fi sọmọ lórúkọ lọ́la ni. Mo ní kí n tètè pọn ọ́n sílẹ̀."

Ẹ mọ̀ pé níbi ìsọmọlórúkọ tiwa, wọ́n á fi omi kan ọmọ lẹ́nu. Ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ.

"Ṣé ẹ ò kà á dé ìsàlẹ̀ ni?"

"Ìsàlẹ̀ wo? Mo ti rí ìjọ wa, mo bá tèmi lọ."

Nígbà tí mo sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ fún un, ó rọra sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì náà kalẹ̀. "Alága, bí mo ṣe kà á yẹn ni gbogbo àdúgbò ṣe kà á."

Mo pe obìnrin ọmọ Ìkàrẹ́ náà, mo sì ka ìwé mi sí i létí.

"Bàbá mi," ó ní, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n lóhùn, "ta ni yóò ka gbogbo ìkíni yìí tán kó tó mumi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí líǹkì yẹn."

Mo ṣí i, èmi àti ìyàwó mi jókòó tì í. Ìbéèrè ló kún inú rẹ̀. Kí ló ṣe omi? Ta ni kó ṣọ́ra jù? Kí ni kí wọ́n ṣe báyìí? Gẹ̀ẹ́sì ló fi béèrè, ṣùgbọ́n ó gbà kí a fi Yorùbá dáhùn. Mo wá ibi tí mo ti lè kí àwọn ìjòyè, n kò rí i.

"Ẹ fi àwọn ìjòyè sílẹ̀, Bàbá," ìyàwó mi ní. "Àwọn náà ń mumi."

Ohun tó jáde lókè, gàdàgbà-gadagba, ni Ẹ MÁ MU OMI YÌÍ LÁÌSÈ. Lábẹ́ rẹ̀: kó hó dáadáa, kó tutù, kí ẹ bò ó, pàápàá omi ọmọ ọwọ́. Mo lọ tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dọ̀ oníkọ̀ǹpútà, mo lẹ ọ̀kan mọ́ ẹnu ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Kí oòrùn tó wọ̀, ìkòkò omi ti wà lórí iná nílé gbogbo.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, alàgbà ìjọ wọn gbé ife omi. Kó tó fi kan ọmọ lẹ́nu, ó bojú wo ìyá àgbà.

"A ti sè é," ìyá náà ní. "Ẹ̀ẹ̀mejì."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Alàgbà ki ìka bọ omi, ó fi kan ọmọ lẹ́nu. Ọmọ lá ètè rẹ̀, ó tún yọ ahọ́n, ó ń wá omi sí i.