Àwẹ̀ Tí A Gbà fún Ọmọ

Ìyá ọkọ mi mọ àwẹ̀ gbà ju bí ọ̀pọ̀ obìnrin ṣe mọ ọbẹ̀ sè lọ. Aládùúrà ni wá nílé wa ní Lálúpọn. Bí ara ọmọ kò bá yá, gbogbo ilé ló ń gbààwẹ̀ fún un, aláìsàn náà kò sì gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan ẹnu títí ọ̀sán yóò fi pọ́n, àfi omi àdúrà. Ìyá ọkọ mi a máa ní àìsàn tí a bá ń bọ́ kì í lọ. Nígbà náà, ọgbọ́n ni mo ka ọ̀rọ̀ yẹn sí.

Ọmọ méjì ló kú mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́nà kan náà. Ibà kékeré ni yóò kọ́kọ́ dé, ọmọ á máa bì, a ó gbààwẹ̀, ọmọ á sùn lọ fọnfọn, a ó máa dúpẹ́ pé ara ti tù ú. Kò ní jí mọ́. Àwọn ará àdúgbò ní àbíkú ni wọ́n. Èmi náà ò ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Ẹ̀kẹta, obìnrin, ti ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi kí tirẹ̀ tó dé. Mo ń yan gàrí lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Mo lọ wò ó lórí ẹní, mo gbé apá rẹ̀ sókè, ó rọ padà sílẹ̀. Mi ò dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo pọ̀n ọ́n, mo gun ọ̀kadà, ó di ilé ìwòsàn kan ní Adégbayì. Wọ́n fa omi ṣúgà sí i lára. Kò pẹ́ tó lajú, tó ní kí n gbé òun lọ sílé. Mo bú sẹ́kún.

Dókítà obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe ìwádìí lórí àwọn àìsàn tí ọmọ ń jogún lára òbí. Ó bi mí pé, "Ìyá, ìgbà wo ló jẹun kẹ́yìn?"

"Àná ni. A ń gbààwẹ̀ fún un, dókítà. Báyìí náà ló ṣe àwọn méjì tó ṣáájú rẹ̀ kí wọ́n tó lọ."

Kò bá mi wí. Ó béèrè bóyá àwọn tó ti lọ náà wà nínú àwẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kán ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi sórí páálí kékeré kan, ó ní òun ó fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń yẹ irú ẹ̀ wò.

Nígbà tí èsì dé, ó ní bí oúnjẹ bá tán nínú ẹni, ara á máa yọ́ ọ̀rá tó ti fi pamọ́, ìyẹn lá á fi máa ṣagbára. Ara ọmọ mi kò lè yọ́ tirẹ̀. Èmi àti bàbá rẹ̀ la jọ fún un ní àbùkù náà, tí kò sì hàn lára wa. Ọmọ náà lè dàgbà kó bímọ, bí ebi ò bá sáà ti pa á pẹ́. "Pàápàá bí ara rẹ̀ ò bá yá," ó ní. "Ìgbà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ máa bọ́ ọ."

Ìgbà yẹn gan-an! Mo rí i tí ẹnu dókítà ń mì, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìgbà yẹn gan-an la máa ń gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ! Inú wá ń bí mi burúkú, mi ò sì mọ ẹni tí ǹ bá bínú sí. Ìfẹ́ la fi gba àwẹ̀ yẹn.

Mo délé, mo rò ó fún ìyá ọkọ mi. Mo ti pinnu pé mi ò ní mẹ́nu kan àwọn tó ti lọ. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n bi mí.

"Àwọn méjì yẹn ńkọ́?"

"Màámi, ẹnikẹ́ni ò yẹ ẹ̀jẹ̀ tiwọn wò. Kò sẹ́ni tó mọ̀."

"Ìwọ mọ̀." Wọ́n ń wo àtẹ́lẹwọ́ wọn. "Èyí àkọ́kọ́ ń sunkún ẹ̀kọ, mo ní kó fara dà á, pé ọ̀sán ò ní í pẹ́ pọ́n."

Ibẹ̀ la wà tí ọmọbìnrin mi fi ti ìta wọlé, tó dúró láàárín àwa méjèèjì.

"Màmá àgbà, ebi ń pa mí."

Àwa méjèèjì la fò dìde. Àwọn ló ṣáájú mi dé ìdí ìkòkò ẹ̀wà, wọn ò sì dúró wá àwo. Ọwọ́ ni wọ́n fi bu ẹ̀wà náà sí i lẹ́nu.