Ẹ̀bùn Ohun Èlò Mọ́tò fún Ọ̀rẹ́ Tó Ti Ta Mọ́tò

Orí mi ti dàrú láti àárọ̀.

Mo lọ sí Sángo, mo ra ojúlówó ẹ̀rọ mẹ́ta tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà fún àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó máa dúró tì mí lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn mọ́tò bí ẹ̀mí.

Wálé, ọ̀kan nínú wọn, wá kí mi lónìí. Ọ̀kadà ló gùn wá láti Àtàn.

"Mọ́tò ẹ ńkọ́?"

"Mo ti tà á. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún màámi."

Mo fi ẹ̀rọ tí mo rà fún un hàn án, mo ní màá wá nǹkan mìíràn fún un dípò ẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ náà mọ́ àyà.

"Tí o bá pààrọ̀ ẹ̀, á jẹ́ pé ìwọ náà ò gbà pé mo ṣì máa ra òmíràn."

Àfẹ́sọ́nà mi ní ìkà ni kí n fún ẹni tí kò ní mọ́tò mọ́ ní ẹ̀rọ táyà lójú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?