Ohùn Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà kò jìnnà sí ọjà Aswani. Ẹ̀rù ibẹ̀ máa ń bà mí. Wọ́n to àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo àwọn tó wà lórí rẹ̀ kọjú sí géètì. Bí èèyàn bá wọlé, ojú wọn á tàn. Bí wọ́n bá rí i pé èmi lásán ni, á tún kú padà. Èmi náà kì í sì í ṣe ọmọdé mọ́. Bí àga kan bá ṣófo, mi ò kì í jókòó sí i. Màá kàn nàró bí ọlọ́pàá.

Ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi bí kú ní Ṣógúnlé, níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ jórinjórin. Ẹbí ní a kì í sọ irú ẹ̀ fún ìyá arúgbó. A ní ó ti lọ sí Kánádà. Ni ìyá bá kọ oúnjẹ: Kánádà wo ni kò ní fóònù? Ohùn èmi àti olóògbé jọra, gbogbo ẹbí bá kọjú sí mi. Mo kọ̀ títí, torí ta ló fẹ́ máa jẹ́ ìpè òkú? Nígbà tó yá, mo pè é.

"Màámi, ẹ káàárọ̀."

"Ọkọ mi." Mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyá tó jókòó tì í pé, "Ọmọ tèmi nìyẹn. Tìẹ ńkọ́?" Ẹ̀gbọ́n mi jẹ ẹ̀kọ tán lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn, bí mo bá fẹsẹ̀ ara mi dé ibẹ̀, kò kà mí sí. Lọ́jọ́ kan, ó sọ fún mi lórí fóònù pé:

"Ọkọ mi, sọ fún àbúrò mi yẹn kó má wá mọ́. Ó máa ń wò mí bíi káfíńtà tó fẹ́ kan pósí."

"Màámi, wọ́n fẹ́ràn yín."

"Ìfẹ́ wo? Ojo ni. Kò lè jókòó tì mí."

Irọ́ kọ́ ló pa. Nígbà tí mo tún lọ, nọ́ọ̀sì pàdé mi ní géètì. "Bàbá, ẹ má bínú. Màmá ní àwọn ò fẹ́ rí yín."

Mo sọdá títì, mo dúró ti ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà kan, mo sì pè é. Mo ń wò ó láàárín irin géètì bó ṣe gbé fóònù sétí, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ọkọ mi, ìwọ lo máa sin mí. Mi ò ní sin ẹ́."

"Àmín, Màámi."

Ó ní òun ò gbọ́. Mo tún un wí sókè.