Omi Egungun Dídì fún Ajá Onírun Gígùn

Ọkọ̀ akẹ́rù kan náà ló gbé fíríìjì àti ajá wá sílé wa ní Sùúrùlérè. Ọ̀gá òyìnbó tí ọkọ mi ń bá ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè ń padà lọ sílùú rẹ̀ pátápátá. Ó ta fíríìjì rẹ̀ fún ọkọ mi, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó bá òun mú ajá náà mọ́ ọn, torí kò sí ẹni tí òun lè fi í sílẹ̀ fún. Ọkọ mi kò sọ ti ajá fún mi tẹ́lẹ̀. Mo ti jáde sẹ́nu ọ̀nà láti wo fíríìjì, inú mi ń dùn ṣìnkìn, àfi bí ẹranko onírun gígùn kan ṣe fò bọ́ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Mo sá wọlé, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà, ìyàwó ọ̀ṣìngín. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sínú ọ̀kan nínú àwọn ilé tuntun tí ìjọba kọ́ ni, mo sì ń ránṣọ níwájú ilé. Kò sí ẹlòmíràn tó ní fíríìjì ní àdúgbò wa. Kẹrosíìnì ni tiwa ń lò. Àtùpà kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń jó tọ̀sán-tòru, ooru àtùpà yẹn ló sì ń mú kí inú rẹ̀ tutù. Ọkọ mi ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, kò yé mi, mi ò sì rò pé ó yé òun náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí i lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, tí mo rí i pé omi tí mo bù sínú àwo ti di òkúta tó ń dán, mo ké tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin ilé kejì fi sáré wá wò ó bóyá iná ló jó mi. Èmi àti ẹ̀ jọ jókòó sílẹ̀, a ń lá yìnyín bí ọmọdé.

Ajá nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. Àsìkò tí oòrùn máa ń mú jù, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, la wà, irun ara rẹ̀ sì dà bí aṣọ òtútù tí kò ṣeé bọ́. Á nà gbalaja sórí sìmẹ́ńtì ilé ìdáná, á yọ ahọ́n síta, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bí mo bá ti ṣí fíríìjì báyìí, á dìde, á wá gbé ojú síbi afẹ́fẹ́ tútù tó ń jáde. A fún un ní ìrẹsì, kò jẹ. A fún un ní ẹ̀bà àti ẹran, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yíjú. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, èèyàn ti lè ka egungun ìhà rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mi ò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, yìnyín kan bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ mú un, ajá ti gbé e, ó ń rún un wọ̀mùwọ̀mù, ó sì ń ju ìrù. Láti ọjọ́ tó ti dé, mi ò rí i kó ju ìrù rí. Mo fún un ní òmíràn, ó jẹ ẹ́. Omi lásán kò lè gbé ẹranko ró, ṣùgbọ́n bó bá lè jẹ yìnyín, kí ló dé tí mi ò ní sọ oúnjẹ di yìnyín fún un?

Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa lásìkò yẹn. Wọ́n ti dé láti Ìjẹ̀bú ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú láti wá wo ilé tuntun. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ̀rù wọn sì máa ń bà mí. Mo dúró títí wọ́n fi lọ sinmi, mo wá da ọbẹ̀ ẹja tó ṣẹ́kù sínú agolo mílíìkì. Mo ń ṣí fíríìjì lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn mi.

"Ìyàwó, kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Mo kúnlẹ̀ tòun ti agolo. "Ẹ má bínú, Màmá. Oúnjẹ ajá ni. Mo fẹ́ kó dì, bóyá á lè jẹ ẹ́."

Mo ń retí kí wọ́n bi mí pé kí ló kan ajá kan fíríìjì tí à ń kó oúnjẹ èèyàn sí. Wọ́n gba agolo náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n dà á nù.

"Ata wà níbẹ̀," wọ́n ní. "Iyọ̀ wà níbẹ̀. Èyí tó burú jù ni àlùbọ́sà. Kì í bá ajá lára mu. Ọ̀kan nínú ajá bàbá mi jẹ ẹ́ lájẹjù, díẹ̀ ló kù kó kú mọ́ wa lọ́wọ́."

Ọdẹ ni bàbá wọn. Ajá mẹ́fà ló wà nílé wọn, Màmá ni wọ́n sì ń se oúnjẹ àwọn ajá náà kí wọ́n tó lọ sílé ọkọ. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò tíì sọ nǹkan kan láti ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní, "Mo rò pé ẹ̀yin tí ẹ kàwé mọ ohun tí ẹ ń ṣe ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa méjèèjì lọ sọ́jà Yaba. A ra egungun màlúù tó ní mùdùnmúdùn nínú, a ra ìbẹ́pẹ tó pọ́n dáadáa. Omi lásán la fi se egungun náà, láìsí iyọ̀. Nígbà tó jinná, Màmá fi ṣíbí ré ọ̀rá ojú rẹ̀ kúrò, wọ́n ní ọ̀rá púpọ̀ máa ń da inú ajá rú. Wọ́n kó gbogbo egungun jáde, torí èyí tí iná ti bá máa ń fọ́ ṣóńṣó-ṣóńṣó, ó sì lè há ajá lọ́fun. Èmi gún ìbẹ́pẹ títí ó fi kúnná, a pò ó mọ́ omi egungun àti ẹran ara egungun náà tí a ti ya wẹ́wẹ́, a dà á sínú agolo mẹ́fà. Nígbà tó tutù tán, a kó o sínú fíríìjì.

Màmá kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá ń ṣí i, kò ní tètè dì. Mo jókòó sídìí máṣínnì mi, mo ń ránṣọ, ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ìró ilẹ̀kùn fíríìjì. Mo yọjú. Màmá ni.

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá àtùpà rẹ̀ ṣì ń jó ni," wọ́n ní.

Ìsàlẹ̀, níta, ni àtùpà náà wà. Èmi àti wọn wo ara wa, a bú sẹ́rìn-ín. Mi ò bá wọn rẹ́rìn-ín rí.

Ó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, omi ṣì ni omi wa, èéfín dúdú sì ń jáde lẹ́yìn fíríìjì. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí a máa ṣe nínú wa. Ìgbà tí ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé ló fa àtùpà náà jáde. Òwú rẹ̀ ló ti jóná lẹ́nu. Ó gba sísọ́ọ̀sì mi, ó gé e, ó nu èédú kúrò, ó tún tan án. Iná náà padà di àwọ̀ búlúù. A fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Mi ò tíì bọ́jú láàárọ̀ tí Màmá fi pè mí. "Ìyàwó, ó ti dì."

Àwa mẹ́ta kóra jọ sí ilé ìdáná, ajá ṣe ìkẹrin. Yìnyín náà kò jáde nínú agolo. Ọkọ mi fẹ́ fi ọ̀bẹ yọ ọ́, Màmá ní kó má ba nǹkan jẹ́. Wọ́n ki ìdí agolo bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó já bọ́ sínú àwo, pọ́! Ajá gbóòórùn rẹ̀. Ó wò mí lójú, ó fà sẹ́yìn díẹ̀. Mo di apá Màmá mú láìmọ̀. Ó tún sún mọ́ ọn, ó fi ahọ́n kàn án, ó tún lá a. Lẹ́yìn náà ló dùbúlẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì dì í mú, ó sì mú un jẹ gidi.

"Ó ń jẹun," ọkọ mi ní, bí ẹni pé a ò rí i. Ó pẹ́ kó tó dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kò sì jọ pé ó dùn ún.

Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án ni Màmá fi àyè gbà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìrẹsì díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ajá sì ń jẹ òun náà. Egungun ìhà rẹ̀ bò. A gbìyànjú ọ̀dùnkún, ó fẹ́ràn rẹ̀. A gbìyànjú omi àgbọn pẹ̀lú ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀, ìyẹn ló fẹ́ràn jù. Ọ̀sẹ̀ kan ni Màmá ní àwọn máa lò, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n lò. Bí mo bá jí, màá bá wọn ní ilé ìdáná, wọ́n á ní, "Ìyàwó, kí la máa dán wò lónìí?"

Obìnrin ilé kejì mú ajá tiẹ̀ wá. Káfíńtà kan láti Mushin, tó ń bá wa kan ilẹ̀kùn, lọ mú ajá tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá, tòun ti agolo ajá náà lọ́wọ́, ó ní nílé àwọn, àwọn kì í po ohun èlò ajá mọ́ ti èèyàn. Màmá ní ó ṣe dáadáa, wọ́n sì kọ́kọ́ rọ omi egungun sínú tirẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá ajá mẹ́ta tí wọ́n nà dí ẹnu ọ̀nà, oníkálukú di yìnyín tirẹ̀ mú, kò sí èyí tó fẹ́ sún fún un. Ó dúró nínú oòrùn pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní bí a bá ti ṣe tán pẹ̀lú àwọn àlejò wa, kí a jọ̀ọ́, kí a fún òun náà ní omi tútù.